Ta Ló Ni Àjọ?

Bí ọmọdé bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Múṣin, àwọn òbí rẹ̀ á mú un lọ bá ọ̀gá, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, yóò sì sin ọ̀gá náà fún ọdún mélòó kan kó tó ṣe fíríídọ̀mù. Bí obìnrin kan bá fẹ́ dá búkà sílẹ̀ ní Yábàá, ó lè máa jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ò ní sọ ohun tó ń fi sínú ọbẹ̀ fún un. Ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ kì í júwe ibi tó ti ń rajà fún ẹni tó ń ta irú ọjà kan náà. Bí ọmọ aráyé ṣe ń ṣòwò nìyẹn. Àṣírí lọjà, àṣírí lèrè.

Ṣùgbọ́n òwò kan wà láàárín wa tí kò ní àṣírí kankan nínú. Gbogbo ẹni tó ń bá wọn dá a ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó mọ iye tí olówò ń jẹ níbẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tó ń jẹ ẹ́. Bó bá wù ú, ó lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́la, kò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ ń ṣe é. Òwò àjọ ni mò ń wí, òun àti èésú tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: báwo ni òwò tí ẹnikẹ́ni lè wò ṣe, tí kò ní àṣírí, tí kò ní olúwa, ṣe pẹ́ tó báyìí láì parẹ́? Àwọn báńkì tó ní ilé alárà, tó ní geètì onírin àti ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ti wọlẹ̀ lójú wa. Àjọ ò wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ìtàn rẹ̀ wò.

ÈÉSÚ, Ẹ̀GBỌ́N ÀJỌ

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní a máa fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nínú èésú, tí àwọn mìíràn ń pè ní èsúsú, àwọn ènìyàn kan á kó ara wọn jọ. Iye kan náà ni oníkálukú á máa dá, ẹnì kan á sì máa kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, títí tí yóò fi kárí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn 12 ni wọ́n, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦10,000 lóṣù. Oṣooṣù ni ẹnì kan á máa kó ₦120,000. Nígbà tí ọdún bá fi yí po, oníkálukú á ti dá ₦120,000, á sì ti kó ₦120,000. Kò sí èlé, kò sí owó ìwé. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o dà bí ẹni tó yáwó láì san èlé. Ẹni tó kó o kẹ́yìn dà bí ẹni tó fowó pamọ́ láì gba èlé. Ẹni tó bọ́ sáàárín jẹ díẹ̀ nínú méjèèjì.

Kì í ṣe àná la bẹ̀rẹ̀ sí í dá a. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù mọ́ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́ ní ìlú Òyìnbó, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn ìwé tó kù nílẹ̀, tó fi jáde ní 1921. Johnson ní iye owó kan pàtó ni, ọjọ́ kan pàtó ni, ibì kan pàtó ni, lábẹ́ olórí kan. Ó ní ọ̀nà yìí ni tálákà fi ń rí owó tó ṣùpọ̀ fi ṣe nǹkan gidi, àti pé òfin wà tó de ètò náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tó wá gbé Ilé-Ifẹ̀ láti 1937 sí 1938, kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí èésú, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Ó tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ní 1843. Ó tún ṣàlàyé pé bí èésú bá ti tóbi, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ló ń mọ ara wọn. Wọ́n á pín sí abẹ́ àwọn olórí kéékèèké, olórí kékeré kọ̀ọ̀kan ló sì ń dúró fún àwọn tó mú wá. Bí ẹnì kan bá kó owó tán tó wá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, olórí tó mú un wọlé ni wọ́n á kọjú sí. Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa ti mọ ohun tí báńkì ń pè ní oníduúró kí báńkì tó dé ilẹ̀ yìí?

Ó RÉKỌJÁ ÒKUN

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò lè gbé àpótí dání. Wọn ò lè gbé owú ìhunṣọ tàbí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ wọ inú ọkọ̀. Ohun tó wà nínú orí wọn nìkan ni wọ́n gbé lọ. Èésú kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Kò gba ilé, kò gba ìwé, kò gba àṣẹ ọba. Òfin rẹ̀ kúrú débi pé ẹni tó ti dá a lẹ́ẹ̀kan rí lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún là á yé ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tó fi rìn jìnnà.

Ní Freetown, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ènìyàn wa sí nígbà tí wọ́n gbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, "osusu" ni wọ́n ń pè é di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Gáńbíà. Ní Trinidad, "susu" ni. Ní Bahamas, "asue" ni. Ní Ghánà níbí, "susu" náà ni. Ní àwọn erékùṣù mìíràn orúkọ rẹ̀ yí padà: àwọn ará Jamaica ń pè é ní "pardner", àwọn ará Barbados ń pè é ní "meeting turn". Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dá a, ẹ ó rí i pé èésú tí a mọ̀ náà ni.

Nígbà tí àwọn ará Jamaica àti àwọn erékùṣù tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti 1948, ojú wọn rí màbo. Onílé kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé, báńkì kì í sì í fẹ́ yá a lówó láti kọ́lé tàbí ra ilé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n jókòó sínú yàrá kan, wọ́n dá pardner. Ẹni tó kan lóṣù yìí á kó owó, á fi san àsansílẹ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ rà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, owó báyìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé àṣẹ ta ni wọ́n fi ń dá a.

BÍ ÀJỌ ṢE RÍBI JÓKÒÓ NÍ MÉŃLÁǸDÌ

Ṣùgbọ́n èésú ní àléébù kan. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń dá a mọ ara wọn, tàbí kí ẹnì kan wà tó mọ gbogbo wọn. Ní abúlé, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ní Èkó, wàhálà gidi ni.

Ẹ wo bí Méńláǹdì ṣe kún. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti apá Ìddó, nígbà tó fi di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Ìbàdàn. Ẹ̀búté Mẹ́ta kún fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wá láti ibi gbogbo. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí LEDB, ìgbìmọ̀ yìí ló sì la Yábàá sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Nígbà tó tún di 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó fún mọ́ra ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Súrùlérè.

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, tẹ̀lé àwọn tí wọ́n kó lọ yìí, ó sì ṣe ìwé nípa wọn ní 1961. Ohun tó rí bani nínú jẹ́. Ẹbí tó ti ń gbé agboolé kan náà ti fọ́n ká. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n, bá ara rẹ̀ ní Súrùlérè láàárín àwọn àjèjì, ọjà ò tà. Ilé dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó lè bá dá èésú ò sí nítòsí mọ́.

Ibi tí alájọ ti wúlò gan-an nìyí. Nínú èésú ènìyàn 12, ènìyàn 11 ni ẹ gbọ́dọ̀ fọkàn tán. Nínú àjọ, ẹnì kan péré ni. Kò di dandan kí ìyá aláta mọ ìyá ẹlẹ́ja. Bí àwọn méjèèjì bá ti mọ alájọ, ó parí. Iye tó bá wu oníkálukú ló ń dá, owó rẹ̀ gan-an ló sì ń gbà. Alájọ ò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ wá bá òun, òun ló ń wá bá yín nídìí ọjà, lóòrùn, lójò, láti Ọ̀yìngbò dé Ojúwòyè.

ẸNI TÓ TA MỌ́TÒ RA KẸ̀KẸ́

Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ pé "orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú"? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àlọ́ ni. Kì í ṣe àlọ́ o. Ènìyàn gidi ni, orúkọ rẹ̀ sì ni Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bí ní 1915. Kékeré ló ti wá sí Èkó, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé ìtàn ayé rẹ̀ jáde, ó gba Kamẹrúùnù lọ ní 1950 láti wá ìjẹ, ibẹ̀ ló sì ti rí iṣẹ́ àjọ kọ́. Nígbà tó padà dé ní 1954, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjọ káàkiri àwọn ọjà Méńláǹdì.

Ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dùn. Ohun tí àwọn bàbá wa gbé ré òkun kọjá lọ sí Trinidad, ọmọ Ìjẹ̀bú kan lọ kọ́ ẹ̀yà rẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ó sì gbé e wá sí Ṣómólú. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn alájọ ti wà ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń wá nídìí iṣẹ́ wa. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni bó ṣe ṣe é.

Àwọn ènìyàn ní kì í kọ nǹkan sílẹ̀, orí ló fi ń ṣírò owó gbogbo oníbàárà, kò sì í ṣì í fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ní ó ní mọ́tò, ó tà á, ó sì fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Mọ́tò ò lè wọ àárín ìsọ̀ alásọ àti ìsọ̀ aláta. Mọ́tò ò lè gba ojú gọ́tà Ṣómólú. Kẹ̀kẹ́ á gba ibẹ̀. Òwò àjọ ò sì í ṣe òwò ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n rí òun, òwò ẹni tó lè dé ibi tí owó wà ni. Ọdún 2012 ni bàbá náà papò dà. Orúkọ rẹ̀ ti di òwe kó tó kú. Àwọn alájọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì san owó orúkọ fún ẹnikẹ́ni.

KÁÀDÌ TÍ ALÁÌMỌ̀WÉ LÈ KÀ

Káàdì alájọ rọrùn púpọ̀. Ojú ilé 31 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, ó máàkì ọ̀kan. Tí oṣù bá parí, ẹ ó ka àwọn tó ti máàkì, ẹ ó yọ ọ̀kan kúrò fún alájọ, ó ku tiyín. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 dá ₦15,500. Alájọ á mú ₦500, á kó ₦15,000 fún un. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè ka ilé tí wọ́n ti máàkì, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ óò sọ pé, ṣé ẹni tó ń fowó pamọ́ ló tún ń sanwó ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Báńkì ló ń fún ni ní èlé, alájọ ló ń gbà. Kí ló dé tí àwọn ìyá ọjà fi gbà bẹ́ẹ̀? Torí pé ẹni tó wá sídìí ìgbá yín láti gba ₦500, iṣẹ́ ló ṣe. Báńkì ò ní wá. Láyé ìgbà kan, ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ti ní àkáǹtì kó wá dúró fún yín kí báńkì tó ṣí tiyín, ẹ ó sì tò sórí ìlà títí ọjà fi tú. Ìdí kejì ni pé owó tó bá wà lọ́wọ́ ẹni, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń nà án: ọmọ á bèèrè, ọkọ á bèèrè, ẹbí á ránṣẹ́. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ, a lè sọ pé kò tíì tó ọjọ́ tí a máa gbà á.

Alájọ tó ní oníbàárà 200 báyìí, tí gbogbo wọn ń dá ₦500, ₦100,000 ni tirẹ̀ lóṣù. Gbogbo oníbàárà ló lè ṣe ìṣirò yẹn. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i, torí pé gbogbo wọn rí ẹsẹ̀ tó fi ń rìn àti eruku tó wà lára rẹ̀. Bí nǹkan bá le láàárín oṣù, tí ọmọ ṣàìsàn tàbí tí ọjà olówó pọ́ọ́kú dé, alájọ á tún yá wọn lára èyí tí wọ́n máa dá.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín jẹ. Àwọn alájọ kan ti sálọ. Ẹni tó bá dàgbà ní Múṣin á ti rí i rí. Ní àdúgbò tí èmi gbé dàgbà, alájọ kan wà tó pòórá ní òpin oṣù Disẹ́mbà, tó kó owó ọdún àwọn ìyá ìyá lọ. Wọ́n sunkún, wọ́n ṣépè. Nígbà tó di oṣù Féńbúárì, wọ́n tún ti ń dá àjọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó yí padà ni pé kí wọ́n tó fún un ní kọ́bọ̀, wọ́n béèrè ilé bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì mú ẹnì kan tó dúró fún un. Kí ló dé tí wọn ò fi pa òwò náà tì? Ìdí kan ni pé oṣù kan ni òfin náà fi bo olúkúlùkù. Ẹni tí alájọ bá sá mọ́ lọ́wọ́, owó oṣù kan ló pàdánù. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pa á. Oṣooṣù ni alájọ ń jíhìn, oṣooṣù ni ẹ lè fi í sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn tó dá òfin yìí sílẹ̀ ti rò ó pé ènìyàn lè dalẹ̀, wọ́n sì ti fi ọgbà yí ibi tí ìdalẹ̀ náà lè dé ká.

ÀWỌN ÒYÌNBÓ NÁÀ NÍ TIWỌN

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan la ní irú ọgbọ́n yìí, ẹ jẹ́ ká yà sí ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1844, àwọn òtòṣì 28, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dáwó jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà. Wọ́n kọ òfin wọn sílẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, ká má ta àwìn, ká pín èrè bí oníkálukú ṣe rajà tó. Wọn ò fi òfin náà pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè mú un lọ fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló mú un, títí tó fi kárí ayé.

Ọgbọ́n yẹn náà ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba amúnisìn mú Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland wá láti wá wò ó bóyá ó lè ta gbòǹgbò níhìn-ín, nígbà tó sì di 1935, wọ́n ṣe òfin tó fi àyè gba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí a ń pè ní kọpurétíìfù. Ó bá èésú nílẹ̀, ló bá jókòó tì í bí ọmọ ìyá rẹ̀. Lónìí, iléeṣẹ́ wo ni, ilé ìwé wo ni, ọjà wo ni ní Súrùlérè tàbí Yábàá tí ẹ ó dé tí ẹ ò ní bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù? Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń lò, owó oníkálukú wọn ló dá dúró.

Ẹ wá fi wé báńkì tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀. Ní 1953 ni Báńkì Kọpurétíìfù ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn báńkì pọ̀ sí i lówó, ó da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006, wọ́n di Skye Bank. Ní 2018, ìjọba gbàṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank. Ilé ńlá náà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kéékèèké ò lọ.

OLÈ TÓ WỌ AṢỌ ALÁJỌ

Wàyí o, ohun tó mú mi gbé kálàmù gan-an nìyí. Òwò tí kò ní olúwa, ẹnikẹ́ni lè mú un, olè náà sì lè mú un.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2015, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MMM wọ Nàìjíríà. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Mavrodi, tí irú ètò kan náà ti fọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ìlú rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ló ni ín. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn wa dùn gbọ́ létí ẹni tó mọ èésú: ẹ ran ara yín lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn náà lè ràn yín lọ́wọ́. Àbí èésú kọ́ nìyẹn? Wọ́n wá fi oyin sí i: bí ẹ bá dá ₦100,000, ẹ ó gba ₦130,000 lẹ́yìn oṣù kan. Àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé gíga, àwọn tó ń tajà ní Tẹ́júoṣó, àwọn ìyá tó ti ń dá àjọ láti ogún ọdún, wọ́n kówó sí i. Ní àárín oṣù Disẹ́mbà 2016, wọ́n ti ìlẹ̀kùn owó náà pa. Ọdún Kérésìmesì ń bọ̀, owó ò ṣeé gbà. Ọ̀pọ̀ ò rí tiwọn gbà di òní.

Kí ni ìyàtọ̀? Ẹ mú káàdì alájọ, ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àjọ, ẹ mọ ibi tí gbogbo kọ́bọ̀ ti wá, àpò yín ni. Nínú MMM, níbo ni ₦30,000 orí rẹ̀ ti ń wá? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Nínú èésú, bí ẹ bá ka orí àwọn tó ń dá a, ẹ mọ ọjọ́ tí yóò kárí. Nínú ti MMM, kò lè kárí láéláé, àfi tí àwọn tuntun bá ń wọlé láì dúró. Wọ́n wọ aṣọ èésú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ òfin inú rẹ̀ sọnù, wọ́n sì fi àṣírí dípò rẹ̀.

Mo wá rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. A máa ń rò pé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò níye lórí, pé àṣírí ló ń dáàbò bo òwò. Nínú òwò tí owó ẹlòmíràn wà, òdìkejì rẹ̀ ló tọ̀nà. Ìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn ní nípa àjọ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Bí alájọ kan bá fẹ́ mú ọjọ́ méjì dípò ọ̀kan lóṣù, ọmọ tó ń kiri omi á mọ̀ pé jìbìtì ni. Ilé ẹjọ́ ò ní láti dá a lẹ́bi, ọjà á ti dá a lẹ́bi kó tó délé.

KÁÀDÌ DI FÓÒNÙ

Àwọn ọmọ wa ti ń gbé àjọ wọ inú fóònù. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó kàwé ní Covenant University, tí Odúnayọ̀ Eweniyi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ohun tó di PiggyVest lónìí sílẹ̀ ní Èkó. Obìnrin kan tó fi àwòrán kóló onígi rẹ̀ han gbogbo ayé, pé òun ju ₦1,000 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan, ló ta wọ́n jí. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ Èkó kan, Wẹ̀mímọ́ Abbey, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Samir Goel, dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2018, wọ́n sì sọ ọ́ ní Esusu. Nígbà tó di 2022, wọ́n ti díye lé e ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Inú mi dùn sí i. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá wa ló ń tà ní New York, kí ló kù? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orúkọ ni iléeṣẹ́ lè fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé tòun ni. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ojúwòyè ṣì lè kó ènìyàn mẹ́fà jọ lọ́la, kó sọ pé ẹ jẹ́ ká dá èésú, kò sí lọ́yà kan lágbàáyé tó lè kọ̀wé sí i.

Àwọn ètò orí fóònù yìí ò ní tán. Èyí tó dára wà nínú wọn, ayédèrú náà sì ń bọ̀ lójoojúmọ́ tòun ti orúkọ tuntun. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá, ìbéèrè mẹ́rin péré ni kí ẹ bi í, bí ẹ ṣe máa bi alájọ tuntun. Ìkíní: kí lo máa jẹ níbẹ̀? Ìkejì: ọjọ́ wo ni mo máa gba tèmi? Ìkẹta: ta ló máa dúró fún ọ, ibo sì ni ilé rẹ̀ wà? Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lọ́la, ṣé o lè ṣàlàyé bí mo ṣe máa ṣe é?

Alájọ òótọ́ á dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìdúró, kò ní wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní ìkẹrin náà ṣòro, pé àṣírí ni, kí ẹ má bá a jà o. Ẹ jẹ́ kó máa gbé àṣírí rẹ̀ lọ, kí owó yín dúró lọ́wọ́ yín.